Horace King: Ẹrú tó di ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ afárá olórùlé ní Amẹ́ríkà

Ní agbègbè Meriwether, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, afárá onígi kan wà lórí odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Red Oak Creek. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lókèèrè lè rò pé abà ni wọ́n kọ́ dábùú ọ̀nà. Ó ní òrùlé, ó sì ní ògiri onípákó lọ́tùn-ún àti lósì. Ìgbà tí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, tó gbọ́ ìró omi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ni yóò tó mọ̀ pé orí afárá ni òun wà.

Àárín ọdún 1840 sí 1849 ni wọ́n kọ́ ọ. Irú afárá olórùlé bẹ́ẹ̀ lé ní 200 ní Georgia nígbà kan rí, àmọ́ èyí tó ṣẹ́kù kò tó 20 mọ́. Ti Red Oak Creek yìí ló dàgbà jù nínú wọn.

Ẹni tí wọ́n gbà pé ó kọ́ ọ ni Horace King, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Georgia, Alabama àti Mississippi nítorí afárá kíkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn afárá tó sọ ọ́ di olókìkí ló kọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrú. Kò dà bí ìwọ̀fà tó máa padà sílé bàbá rẹ̀ tí wọ́n bá ti san gbèsè tán. Òfin kà á mọ́ ohun ìní bíi ilẹ̀ àti ẹṣin: wọ́n lè tà á, wọ́n lè pín in bí ogún, ẹni tí olówó rẹ̀ bá jẹ ní gbèsè sì lè ní kí wọ́n wá mú un lọ.

Kí ni afárá fẹ́ fi òrùlé ṣe?

Oríṣiríṣi àlàyé làwọn èèyàn máa ń ṣe. Àwọn kan ní nítorí àwọn arìnrìnàjò ni, kí òjò má baà pa wọ́n. Àwọn mìíràn ní ẹṣin máa ń bẹ̀rù omi, pé tó bá dà bíi pé inú ilé ló ń wọ̀, kò ní ta kú. Lóòótọ́ làwọn èèyàn máa ń yà sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí wọn ni wọ́n ṣe ń náwó sí òrùlé. Nítorí igi ni.

Ẹni tó bá gbé abúlé rí ti rí ilé alámọ̀ tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ lọ. Kì í pẹ́ tí ògiri náà fi máa ń di ilẹ̀. Igi pàápàá kì í fara da òjò títí. Omi á wọ ibi tí pákó méjì ti pàdé, oòrùn á gbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ á ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Afárá onígi tí kò ní òrùlé kì í sábà lò ju ọdún 10 sí 15 lọ kí wọ́n tó tún un kọ́. Èyí tí wọ́n bò, tí wọ́n sì ń tọ́jú òrùlé rẹ̀, lè lo 100 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pákó kan bá bàjẹ́ lórí òrùlé, káfíńtà kan á gun òkè, á sì pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn igi tó gbé afárá dúró kò ṣeé pààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì gbé irú afárá ti Red Oak Creek dúró ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Tí wọ́n bá ṣí pákó tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ lóde, ohun tí èèyàn máa rí dà bí ojú àwọ̀n apẹja, àfi pé pákó ló wà níbi tí okùn ì bá wà.

Ithiel Town, ayàwòrán ilé kan láti ìpínlẹ̀ Connecticut, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1820 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ pé òun ló ni ín. Ṣáájú rẹ̀, ìtì igi ńláńlá ni wọ́n fi ń kọ́ afárá tó bá gùn, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ojú igi kí ó lè wọnú ara wọn kò sì pọ̀. Pákó lásán ni Town lò. Ó tò wọ́n ní ìdagẹ̀rẹ̀, apá kan kọjú sí ọ̀tún, apá kejì kọjú sí òsì, kí wọ́n lè máa dábùú ara wọn. Ibikíbi tí méjì bá ti pàdé, wọ́n á lu ihò síbẹ̀, wọ́n á sì gbá ìṣó onígi wọ̀ ọ́. Àwọn pákó gígùn tó na gbọọrọ lókè àti nísàlẹ̀ ló wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹrù tó bá gun irú afárá bẹ́ẹ̀ kò dá dúró sórí pákó kan. Ọ̀kan á gbé e fún èkejì, èkejì á gbé e fún ẹ̀kẹta, títí yóò fi dé orí òpó olókùúta. Bí ọ̀kan bá sán, àwọn yòókù kò ní jẹ́ kó wó. Ìṣó onígi náà kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Igi líle tó ti gbẹ dáadáa ni wọ́n fi ń ṣe é. Tó bá wọnú pákó tó ṣì ní ọ̀rinrin lára, yóò wú, yóò sì há mọ́ ihò náà pinpin. Ìṣó irin máa ń dípẹtà ní tirẹ̀.

Town kì í sábà kọ́ afárá fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ló ń tà. Dọ́là kan lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó bá fẹ́ lo ọgbọ́n rẹ̀ máa san. Ẹni tó bá lò ó láìgbàṣẹ, tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́, dọ́là méjì ni tirẹ̀.

Tí wọ́n bá wọn afárá Red Oak Creek láti bèbè dé bèbè, pẹ̀lú ibi tí ọ̀nà ti gun orí rẹ̀ lápá méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 391 ni, ìyẹn bíi mítà 119. Ibi tó wà lábẹ́ òrùlé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 116.

Bí King ṣe dé bèbè odò Chattahoochee

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1807 ni wọ́n bí Horace King ní agbègbè Chesterfield, ní South Carolina. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, ti òyìnbó àti ti àwọn Catawba tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀ ló pàdé lára rẹ̀. Nígbà tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ní nǹkan bí ọdún 1830, ó bọ́ sọ́wọ́ John Godwin, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ ilé àti afárá nílùú Cheraw.

Ní ọdún 1832, Godwin rí iṣẹ́ ńlá kan gbà. Ìlú Columbus ní Georgia, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ní 1828, fẹ́ afárá tó máa gba orí odò Chattahoochee kọjá sí Alabama. Ilẹ̀ àwọn Creek ló wà ní òdìkejì odò náà, ọdún yẹn gan-an sì ni wọ́n fi ìwé àdéhùn gba èyí tó kù ní Alabama lọ́wọ́ wọn. Àwọn olóko òwú ti ń dúró de ọ̀nà.

Godwin kó ẹbí rẹ̀ àti àwọn ẹrú rẹ̀ lọ sí Girard, tí wọ́n ń pè ní Phenix City lónìí. Orúkọ Godwin ló wà nínú ìwé iṣẹ́. King ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn ti Columbus, wọ́n kọ́ òmíràn sí West Point, wọ́n kọ́ sí Eufaula, wọ́n kọ́ sí Florence ní Georgia, gbogbo rẹ̀ lórí odò Chattahoochee kan náà.

Àwọn tó ń kọ́ irú afárá yìí sábà máa ń kọ́kọ́ tò ó sílẹ̀ ní bèbè odò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Wọ́n á kan gbogbo pákó mọ́ra wọn, wọ́n á wò ó bóyá ó bára mu, wọ́n á fi àmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tú u palẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ri igi mọ́ inú odò láti fi ṣe àtìlẹ́yìn fúngbà díẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà sókè, pákó kan tẹ̀lé òmíràn, níbi tó ti jẹ́ pé omi ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣìnà ní wíwọn ihò kan ṣoṣo, orí omi ni yóò ti mọ̀.

Ní 1841, odò Chattahoochee kún àkúnya, ó sì gbé afárá Columbus lọ. Godwin àti King náà ni ìlú tún pè kí wọ́n wá kọ́ òmíràn.

Ta ló ni Horace King?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà nígbà náà. Ní 1837, ọdún tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, Godwin gbé King sábẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀, Ann, àti mọ̀lẹ́bí ìyàwó náà kan, William Carney Wright. Ohun tí àwọn òpìtàn rò ni pé kò fẹ́ kí àwọn tí òun jẹ lówó gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí èèyàn bá ro ohun tí ọwọ́ King ń mú wọlé, kò ṣòro láti rí ìdí tí wọ́n á fi fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé e.

Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá to pákó bí ojú àwọ̀n san dọ́là kan lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan fún Ithiel Town, òfin orílẹ̀-èdè kan náà ló ní ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pákó náà dúró lórí odò ńlá kò ní ara rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà lórí ìwé ní olówó, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ King, ti ẹni tó ni King ni.

Òótọ́ ni pé wọn kò ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn tó wà ní oko òwú. Ó ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú láìsí pé Godwin tẹ̀lé e, ó ń bá àwọn oníṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń rí owó díẹ̀ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ojú rere olówó rẹ̀ ló fi ń rí i, ojú rere sì ṣeé gbà padà.

Ní 1839, ó fẹ́ Frances Gould Thomas. Frances kì í ṣe ẹrú. Ní òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọ̀nà tí ìyá bá gbà wáyé ni ọmọ ń gbà: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, ẹni yòówù kí bàbá jẹ́. Nítorí náà, ọmọ márààrún tí Frances bí, ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin kan, ló bọ́ lọ́wọ́ ẹrú láti inú oyún. Fún ìgbà díẹ̀, bàbá wọn nìkan ni wọ́n lè tà nínú ilé náà.

Ní àárín àwọn ọdún yẹn ni afárá Red Oak Creek bọ́ sí. Ní àsìkò kan náà ni King ń ṣiṣẹ́ ní Mississippi fún Robert Jemison, oníṣòwò àti olóṣèlú kan láti Tuscaloosa ní Alabama. Jemison di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ní 1846, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Alabama ṣe òfin kan tí orúkọ Horace King wà nínú rẹ̀: wọ́n sọ ọ́ di òmìnira. Òfin pàtàkì ló nílò, torí pé ẹrú tó bá gba òmìnira ní Alabama gbọ́dọ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n yọ̀ǹda fún King láti dúró. Ọmọ ọdún 38 ni.

Ìdílé oníbodè

Ní nǹkan bí ọdún 1858, King kọ́ afárá kan sórí odò Chattahoochee nítòsí Whitesburg, tí wọ́n ń pè ní Moore's Bridge. Dípò kí ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ìpín ló gbà nínú afárá náà. Ó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Frances àti àwọn ọmọ sì ń gbé níbẹ̀. Àwọn ló ń gba owó bodè. Olóko òwú tó bá fẹ́ kó ẹrù kọjá, àti ẹni tó ń kó ẹrú lọ ọjà, ọwọ́ ìyàwó King ni wọ́n ti máa san owó kí wọ́n tó wọ abẹ́ òrùlé tí ọkọ rẹ̀ kọ́.

Ó tún ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn ṣáájú ìgbà náà. Ilé ìjọba Alabama tó wà ní Montgomery, níbi tí àwọn aṣòfin ti máa ń jókòó nígbà náà, jóná ní oṣù Kejìlá 1849. King wà lára àwọn tó tún un kọ́ ní 1850 àti 1851, òun sì ni wọ́n gbà pé ó kọ́ àtẹ̀gùn onígi tó ń yí po lọ sókè nínú rẹ̀, tí kò sí òpó lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wo àtẹ̀gùn náà lè rò pé inú afẹ́fẹ́ ló so rọ̀ sí.

Godwin kú ní 1859, ó sì kú nínú gbèsè. King ló ra òkúta ńlá tí wọ́n gbé sórí ibojì rẹ̀. Ohun tó ní kí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé ìfẹ́ àti ìmoore tí òun ní sí ọ̀rẹ́ òun tó ti lọ, tó tún jẹ́ olówó òun tẹ́lẹ̀, ló mú òun gbé e kalẹ̀. Òkúta náà ṣì wà ní Phenix City. Àwọn kan ti fi ṣe ẹ̀rí pé ẹrú àti olówó rẹ̀ máa ń fẹ́ràn ara wọn. Ó ṣeé ṣe kí King fẹ́ràn Godwin lóòótọ́. Iṣẹ́ ọdún 30 tó léwu máa ń so èèyàn pọ̀. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń ka òkúta náà rántí pé ọkùnrin tó gbé e kalẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Alabama, ní ọdún méjì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló sì dúró láàárín òun àti ọjà ẹrú.

Iná

Ní oṣù Kejì 1861, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ Gúúsù tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà torí ọ̀rọ̀ ẹrú pàdé ní Montgomery. Inú ilé tí King kọ́ àtẹ̀gùn sí yẹn ni wọ́n ti dá ìjọba Confederate sílẹ̀, iwájú rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti búra fún Jefferson Davis gẹ́gẹ́ bí ààrẹ wọn.

Ìjọba náà fi dandan mú King ṣiṣẹ́. Ó di ojú odò kí ọkọ̀ ogun Àríwá má lè gba ibẹ̀ wọlé, ó sì pèsè igi fún ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi ní Columbus. Ní oṣù Keje 1864, àwọn ọmọ ogun Àríwá dáná sun Moore's Bridge. Ọdún yẹn náà ni Frances kú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1865, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Robert E. Lee ti túúbá ní Virginia, ìjà dé Columbus, iná sì jó àwọn afárá ibẹ̀. Òrùlé tó ń gba igi lọ́wọ́ òjò kò lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ ogun tó mú ògùṣọ̀ dání. Kódà, pákó gbígbẹ tí òjò kò pa rí dùn ún jó ju tútù lọ.

Láàárín oṣù mélòó kan, King àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tún àwọn afárá Columbus kọ́, wọ́n sì ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ogun kan náà tó jó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fún un ní iṣẹ́ tuntun, ó sì sọ gbogbo ẹrú tó kù ní Alabama di òmìnira láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn nílò òfin tó ní orúkọ rẹ̀ nínú.

Ní 1868, wọ́n dìbò yan King sí ilé aṣòfin Alabama lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican láti ṣojú agbègbè Russell. Kò yára yọjú síbẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yọjú, ilé tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn kọ́ ló jókòó sí, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 1872. Ní àsìkò yẹn ló kó lọ sí LaGrange ní Georgia, níbi tó kú sí ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1885.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún tí bàbá wọn kú gan-an ni Washington King kọ́ afárá Watson Mill nítòsí Comer, ní Georgia. Ẹsẹ̀ bàtà 229 ló gùn, kò sì sí afárá olórùlé tó gùn tó o ní ìpínlẹ̀ náà tó ṣì wà níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí.

Ní 1891, Washington kan náà kọ́ òmíràn sórí odò Oconee nílùú Athens. Dọ́là 2,470 ni wọ́n ná lé e lórí. Ní 1965, wọ́n tú u, wọ́n sì gbé e lọ sí Stone Mountain, ibi ìgbafẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Atlanta, dọ́là 18,000 sì ni owó gbígbé e nìkan. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, pẹ̀lú pákó rẹ̀ tó dábùú ara wọn àti ìṣó onígi rẹ̀. Lára òkè tí wọ́n fi sọ ibi ìgbafẹ́ náà lórúkọ, wọ́n gbẹ́ àwòrán ńlá mẹ́ta sí òkúta: Robert E. Lee, Stonewall Jackson, àti Jefferson Davis.